Má Gbé Ìbọn Yẹn Kọjá Ààlà, Àkànjí

Ìkòsì, Kétu, Èkó
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Àkànjí ọmọ mi, ọkọ Bùsọ́lá, bàbá Tiwa,

Mo kí ọ láti inú ilé tí o ti kọ́ ìrìn. Ara mi le, ara Daddy rẹ náà le, àfi orúnkún tó máa ń dà á láàmú bí òjò bá ti ṣú. Iṣẹ́ tuntun tí o rí lókè òkun níbẹ̀, a ti dúpẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn ẹbí mi tó jẹ́ Mùsùlùmí náà sì ti fi àdúà tì í. Ọlọ́run tó fún ọ kò ní gbà á padà.

O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà sí ọ. Orí fóònù la ti ń parí gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí fóònù a máa já, ẹ̀rín a sì máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́nu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí o ń fi ẹrù tí ẹ ti dì hàn mí lójú fóònù, mo rí ìbọn dúdú kan tó fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí aṣọ Tiwa. Mo bi ọ́ pé kí nìyẹn. O ní ìbọn rẹ ni, pé ọ̀rẹ́ rẹ kan níbi iṣẹ́ ló mú ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á, pé kò lòdì sófin níbẹ̀, o sì ní ìwé ẹ̀rí tí o fi rà á. Mo ní ṣé ẹ máa gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ tí ẹ ń kó lọ. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Mummy, inú búùtù ló máa wà." Bùsọ́lá kò bá ọ rẹ́rìn-ín. Mo rí ojú rẹ̀.

N kò kọ̀wé láti bá ọ jà. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú ẹbí wa tí a kò tíì sọ fún ọ, mo sì rí i pé àsìkò rẹ̀ ti tó.

O mọ Bàbá Owódé, bọ̀ọ̀dá mi Múfútáù. Òun ló ṣe géètì ilé wa, tó fi irin rọ ẹyẹ méjì sí orí rẹ̀ torí pé ìwọ lo ní ẹyẹ lo fẹ́. Ó ti pẹ́ tí o ti ń bi mí pé kí ló dé tí bọ̀ọ̀dá mi kan ṣoṣo kò fi sí nínú fọ́tò ìgbéyàwó èmi àti Daddy rẹ. Èsì tí gbogbo wa jọ fẹnu kò sí ni pé ó rìnrìn àjò nígbà náà. Kì í ṣe àjò, Àkànjí. Ẹ̀wọ̀n ló wà, ìbọn ló sì gbé e débẹ̀. Kí n tó mú bírò, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti tọrọ àṣẹ. Ó ní kí n sọ ọ́ fún ọ, kí n má bu iyọ̀ sí i, kí n má sì yọ nínú rẹ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá mi, nítorí nínú ilé rẹ̀ ni èmi àti Bọ̀ọ̀dá Múfú ti kọ́kọ́ mọ ohun tí ìbọn ń jẹ́.

Ìgbòho ni bàbá mi ti wá. Ọdẹ ni lọ́hùn-ún, kó tó wá ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Kétu. Ìkòsì tí a kó dé nígbà yẹn kì í ṣe èyí tí o mọ̀. Ibi tí ẹ́sítéètì wa wà yìí, igbó ni. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró kan ló wà láàárín ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àwọn onílẹ̀, tí yóò gbé ọ dé etí Odò Ògùn. Bí ìrì bá sẹ̀, ilẹ̀ pupa yẹn a máa lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ọ̀yà pọ̀ létí odò náà. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kò bá sí, bàbá mi á gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ èjìká, á sọdá lọ sínú koríko, a ó sì máa tẹ́tí sílẹ̀. Bí a bá gbọ́ ìró kan, Màámi á dáwọ́ irun tó ń dì dúró, nítorí onídìrí ni, iwájú ilé wa ló sì ti ń ṣe é, á ní, "Ó ti rí ẹran pa." Bí ọ̀yà náà bá délé, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ òórùn irun rẹ̀ tí a ń wì lórí iná. Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń jó koríko gbígbẹ, ojú mi á kàn máa wá bàbá mi ni.

Ìbọn yẹn ní àyè tirẹ̀ nínú ilé. Orí igi àjà ló máa ń wà, ẹ̀tù àti ọta sì wà nínú àpótí tí bàbá mi ń so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ṣòkòtò. Ọmọ kankan kì í nàka sí i. Lọ́dọọdún ni bàbá mi máa ń wọ dàńṣíkí tó dára jù, á fi ìwé àṣẹ ìbọn náà sínú fìlà, á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ tún un ṣe. Bí ẹni ń lọ kí àna rẹ̀ ló máa ń múra. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé ìbọn tó jẹ́ pé òun ló fowó ara rẹ̀ rà á, kí ló dé tó tún ń tọrọ àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn?

Ó ní, "Abíkẹ́, ìbọn kì í ṣe ti ẹni tó rà á nìkan. Gbogbo ẹni tí ọta rẹ̀ lè bà ló ní ìpín nínú rẹ̀. Ìjọba ló ń bá wọn mú ìpín tiwọn dání."

Mo ti ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ti ka ìwé tó pọ̀, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ òfin yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi kú, Bọ̀ọ̀dá Múfú fẹ́ kí ìbọn náà jẹ́ ogún òun. Ó ti ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Owódé Onírin nígbà yẹn, ó sì fẹ́ràn irin bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn. Á máa fi àkísà nu ẹnu ìbọn náà, á máa sọ fún wa bí alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ ṣe mọṣẹ́ tó. Ṣùgbọ́n Màámi ní orúkọ bàbá wa ló wà nínú ìwé àṣẹ, pé òkú kì í ní ìwé àṣẹ. Ó fi ẹní wé ìbọn náà, ó ní kí èmi àti bọ̀ọ̀dá mi bá òun lọ. A fẹsẹ̀ rìn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí Màámi gbé e lé orí tábìlì tó sì tú ẹní náà, Bọ̀ọ̀dá Múfú bú sẹ́kún, ọlọ́pàá tó jókòó níbẹ̀ sì dìde dúró fún un. A rí i pé ẹkún bàbá wa ló ń sun.

Lẹ́yìn náà, ayé ń lọ. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Ìkòsì, igbó ń sá sẹ́yìn. Èmi wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Bọ̀ọ̀dá Múfú gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́, ó gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Owódé, ó fẹ́ Sìkírátù. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, àwọn ọdún yẹn ló dùn jù nínú ayé wa. Bí mo bá gba ìsinmi, mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ariwo òòlù yóò ti pàdé mi lójú ọ̀nà. Á tẹ́ páálí fún mi lórí irin tí mo fẹ́ jókòó lé, á ní kí n wo iṣẹ́ tí òun ń ṣe. Fèrèsé tí kò ju kí ó dènà olè, ewé àjàrà ni yóò fi sí i lára. Ó ní irin tí kò bá rẹwà, ẹ̀rù nìkan ló wúlò fún.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Kàmọ́rù, awakọ̀ tírélà tó ń kó tòmátì láti òkè Ọya wá sí Mile 12. Kàmọ́rù láwàdà, ó sì lawọ́. Kò sí ìgbà tó máa dé láti ọ̀nà tí kò ní gbé apẹ̀rẹ̀ ata tàbí àlùbọ́sà wá fún Màámi. Lọ́jọ́ kan ó gbé ẹrù kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi tapólì wé e. Ìbọn ni, kì í ṣe irú ti bàbá wa. Irú tí ológun máa ń gbé ni, tó jẹ́ pé ènìyàn kò ní gbé ìka kúrò kó tó da ọta jáde bí òjò. Kàmọ́rù ní ọ̀nà ti bàjẹ́, àwọn olè ń dá àwọn awakọ̀ lọ́nà, pé nítorí àtigba ara òun là lòun ṣe rà á. Ohun kan ló há nínú rẹ̀. Ó bẹ bọ̀ọ̀dá mi kó bá òun wò ó, kó sì bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun yóò fi padà láti ìrìn àjò kúkúrú kan.

Bọ̀ọ̀dá Múfú tú u. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò rí ohun ìjà nínú rẹ̀ nígbà yẹn, pé irin tí ẹnìkan fi ọgbọ́n ṣe lòun rí. Ó tún un ṣe, ó sì fi í sábẹ́ àwọn ọ̀pá irin. Sìkírátù rí i nígbà tó wá gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó gbé ohun náà padà fún ẹni tó ni ín. Bọ̀ọ̀dá mi ní kó má bẹ̀rù, pé abẹ́ ìbọn ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà, pé bàbá òun náà ní ìbọn, ọlọ́pàá ló sì ń kí i. Sìkírátù tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Kì í ṣe ìbọn ni àwọn ọlọ́pàá bá wá sí ọjà náà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí wọ́n jí ni wọ́n ń wá ní ìsọ̀ ẹnìkan tó múlé gbe tirẹ̀. Wọ́n ń yẹ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ bọ̀ọ̀dá mi, òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn gbé àwọn ọ̀pá náà kúrò, nítorí ó ti gbàgbé ohun tó wà lábẹ́ wọn. Bí wọ́n ṣe rí tapólì yẹn nìyẹn.

Ó rò pé òun yóò ṣàlàyé, wọn yóò sì ní kó máa lọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé òfin ní ojú tó fi ń mọ ẹni ire. A wá Kàmọ́rù títí, kò sí ẹni tó mọ ibi tó gbà. Títí di òní, a kò gbúròó rẹ̀.

Agbẹjọ́rò tí a gbà pe èmi àti Màámi jókòó, ó sì la ọ̀rọ̀ náà yé wa. Ó ní irú ìbọn tí bàbá wa ní, ìjọba lè fún ọdẹ ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú èyí tó ń yìn léraléra, òfin ti yà á sọ́tọ̀, kò sí àgọ́ ọlọ́pàá kankan tó lè fún aráàlú ní ìwé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n tó kéré jù níbẹ̀ ni ọdún mẹ́wàá, kò sì sí owó ìtanràn tí ènìyàn lè san dípò.

Màámi ní, "Ọmọ mi kò yìn ín. Kò pa ẹnì kankan."

Agbẹjọ́rò náà ní, "Màámi, òfin yìí kò béèrè ohun tó fi ṣe. Ohun tó béèrè ni pé, ṣé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti bá a?"

Ohun tí adájọ́ náà béèrè kò ju ìyẹn lọ. Ó tẹ́tí sí wa, ojú rẹ̀ kò le, ó tilẹ̀ sọ pé òun rí i pé ẹni jẹ́jẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ó ka ọdún mẹ́wàá jáde. Bọ̀ọ̀dá mi yíjú wo ẹ̀yìn bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni mo ṣègbéyàwó, tí mo bí ọ. Láàárín wọn náà ni Màámi kú. Títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbé e mọ́, òun ló máa ń lọ wo bọ̀ọ̀dá mi jù lẹ́wọ̀n. Mùsùlùmí ni Màámi, ọjọ́ tó kú náà la sin ín, kò sí àyè láti bẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ yọjú. Èmi ni mo lọ sọ fún bọ̀ọ̀dá mi. Mo ti rò ó pé ó máa ké, tàbí kó béèrè ohun tó pa á. Ohun tó bi mí ni pé, "Ta ló di irun rẹ̀?" Mo ní èmi àti Sìkírátù ni. Ó ní a ṣeun. Ó padà sínú.

Ọmọ mi, ìdí tí mo fi rántí gbogbo èyí rèé nígbà tí mo rí nǹkan dúdú yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ Tiwa. Jọ̀wọ́, gbọ́ mi.

Èkínní, bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Mo gbà pé o kò rú òfin kankan níbi tí o wà. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ń lọ kọ́ nìyẹn. Mo lọ bá Tọ́pẹ́, ọmọ àwọn tó múlé gbè wá, tó jẹ́ agbẹjọ́rò, tó sì ti kàwé lọ́hùn-ún. Ó ní, "Mummy, òfin ìpínlẹ̀ kan kì í bá ènìyàn wọ ìpínlẹ̀ kejì." Ó ní àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tó ti fòfin de irú ìbọn tí wọ́n ṣe bí ti ológun, ìpínlẹ̀ tí ẹ ń lọ sì wà lára wọn. Òmíràn ń to orúkọ àwọn ìbọn náà lẹ́sẹẹsẹ, òmíràn ń wo bí wọ́n ṣe ṣe é àti iye ọta tí àpò rẹ̀ gbà. Wọ́n lè jẹ́ kí ẹni tó ti ní in níbẹ̀ kí òfin tó dé mú un dání lẹ́yìn tó bá ti forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé tirẹ̀ wọlé kì í sábà sí nínú àwọn yẹn. Ìyà rẹ̀ kò dọ́gba. Níbòmíràn owó ìtanràn ni, níbòmíràn ẹ̀wọ̀n ni. Ó wá sọ èyí tó dùn mí jù, pé fún ẹni tí kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè náà bíi tìrẹ, ẹ̀sùn ìbọn lè fa kí wọ́n dá a padà sílé, kí iṣẹ́ àti ìwé ìgbélùú sì jọ lọ. Tọ́pẹ́ ní kí n má fi ọ̀rọ̀ òun ṣe òpin. Wá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ibẹ̀, kí o bi í léèrè kí ẹrù tó gbéra.

Èkejì, má sọ pé o kò mọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi kò mọ̀. Àìmọ̀ òfin kò gba ẹnikẹ́ni là rí. Má sì sọ pé o kò ní fi ṣe nǹkan kan. Òun náà kò fi ṣe nǹkan kan.

Èyí tó tẹ̀ lé e, gbọ́ ti ìyàwó rẹ. Mo mọ̀ pé Bùsọ́lá ti sọ ọ́ fún ọ, bó ti wù kó rọra sọ ọ́ tó. Obìnrin tó sọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan, tó tún un sọ, tó wá dákẹ́, kì í ṣe pé ó ti gbà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Sìkírátù dúró de ọkọ rẹ̀ títí ó fi jáde. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí, kò sì tíì fi ọ̀rọ̀ yẹn gún un lára rí. Ṣùgbọ́n èwe rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ ní ìlú àjèjì, sọ fún wa pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Kò sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀. Àwọn ọdún tí olè ń da Kétu láàmú, Daddy rẹ àti àwọn ọkùnrin àdúgbò máa ń fọn fèrè, wọ́n ń ṣọ́ ara wọn ní ojúlé sí ojúlé. Ohun tó dá ààbò bò wá ni pé a mọ orúkọ ara wa. Nígbà tí ẹ bá dé ibi tuntun yẹn, kí ẹ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò. Kí Bùsọ́lá se nǹkan gbé lọ fún wọn. Ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn yóò ti máa béèrè yín bí ẹ kò bá yọjú.

Tọ́pẹ́ ní ọ̀nà wà láti gbé ìbọn náà sílẹ̀ níbi tí o ti rà á, lọ́dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ, láìsí wàhálà. Ṣe é níbẹ̀, kí ẹ tó kúrò. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ ni kí o gbé e fún pé kó bá ọ tọ́jú rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́. Bí o bá ti gbé e sílẹ̀, pè mí, bó ti wù kí ọjọ́ lọ tó.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Èmi ti sọ odidi nítorí ìyá ni mí. Iṣẹ́ náà yóò dùn mọ́ ọ. Ilẹ̀ tuntun yóò gbà yín. Tiwa yóò dàgbà lójú yín méjèèjì, àwa náà yóò sì wá rí i.

Bí mo ṣe ń dìde ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá Múfú lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ àṣẹ, mo bi í bóyá ó ní nǹkan tó fẹ́ kí n fi kún un fún ọ. Ó ń gé irin lọ́wọ́, ó pa ẹ̀rọ náà, ó sì bọ́ awò kúrò lójú. Ó ní, "Sọ fún un pé ọjọ́ tí mo délé, ó ti ń ka ìwé. Ó jókòó lórí itan rẹ, ó ń ka ABD fún mi. Gbogbo yín ń pàtẹ́wọ́. Èmi ń wá bí ohùn rẹ̀ ṣe rí nígbà tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ, n kò sì ní ibi tí mo ti lè wá a. Kó má jẹ́ kí Tiwa kọ́ ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí òun kò sí nílé."

Èmi ni,
Mummy rẹ, Abíkẹ́